Kúbùsù Mẹ́ta Tí Mo Fi Bo Ẹ̀jẹ̀ Ìlú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Dókítà tí kì í fún ènìyàn lóògùn,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ńkọ́, àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ẹ tì mọ́ inú fíríìjì yẹn ńkọ́? Mo kí gbogbo yín lápapọ̀, mo tún kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé bàbá kọ lẹ́tà, kò dárúkọ òun. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìwọlé rẹ, á máa ṣọ́ ìjáde rẹ, ohun tí o ń fi ẹ̀rọ wò kò ní fi ẹ̀rọ wò ọ́ padà láṣẹ Olúwa. Ara tèmi le, àfi orúnkún òsì tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìyá rẹ náà wà, ó ní kí n kí ọ, ó ní o ti rù nínú àwòrán tí o fi ránṣẹ́, mo ní aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ tí o wọ̀ ló jẹ́ kí o rí bẹ́ẹ̀, ó ní òun ló bí ọ, òun mọ ìgbà tí ọmọ òun bá rù.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan fún ara mi, lẹ́ẹ̀kan fún ìyá rẹ, lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi lọ́jọ́ náà, títí kan ọkùnrin kan tó kàn wá ra ìṣó. O ní wọ́n ti sọ ọ́ di Ọ̀jọ̀gbọ́n. O ní o máa dúró níwájú ọ̀gá àgbà yunifásítì àti àwọn olùkọ́ yòókù, o máa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá lórí bí ara ènìyàn ṣe ń bá àrùn jà, o sì fẹ́ sọ ìtàn kúlà ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá. O ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ bí mo ṣe mọ̀ pé kúbùsù lè gba ẹ̀jẹ̀ yẹn là, kí o lè ka ọ̀rọ̀ mi jáde bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ọmọ mi, orí mi wú, inú mi dùn dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ka gbólóhùn yẹn ni òógùn ti bò mí. Mo máa dá ọ lóhùn, mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé, nítorí mo nílò kí n mí díẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Ìròyìn àkọ́kọ́ ni pé èèyi ti wá, ó ti lọ, kò sì yà sọ́dọ̀ wa. Ìlú tó wà lódìkejì odò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sú sí àwọn ọmọ wọn lára bẹẹrẹ, wọ́n ti ilé-ìwé pa fún oṣù kan gbáko. Ó gba ibẹ̀ bọ́ sí abúlé tó wà lápá òkè, ó ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ náà. Àwa jókòó, a ń retí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì to bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn, èmi ni mo kan mẹ́rin nínú rẹ̀, mi ò gba kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, a ò rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ara ọmọ télọ̀ gbóná, gbogbo wa ya lọ sílé télọ̀, àṣé eyín ló ń hù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, nọ́ọ̀sì ní kí a wá kó àwọn bẹ́ẹ̀dì wa kúrò lọ́nà, ó ti parí. Ọmọ kan ṣoṣo kò dùbúlẹ̀ ní ìlú wa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ yẹn lè má mọ bí ìyẹn ṣe tóbi tó. Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń wá nígbà tí èèyi bá ti ṣe tirẹ̀ tán. Nígbà tí o wà ní kékeré, àwọn ọdún kan wà tí mo máa ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí mo ní kí ẹ má wọlé, ẹ rò pé inú ló ń bí mi. Pósí ni mo ń kàn. Wọn kì í gùn, pákó kan ṣoṣo máa ń tó méjì. Lọ́dún yìí, èèyi yí wa ká lọ́tùn-ún lósì, kò sí ẹni tó wá wọ̀n nǹkankan lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ní ó ti parí, mo wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, mo sunkún, mo sì jáde, mo ń rẹ́rìn-ín, ojú ò tì mí.

Nísinsìnyí, ìlú ò gbà wá mọ́. Gbogbo ọgọ́ta ènìyàn tó fún ọ ní ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí rẹ lọ́dún tó kọjá ló ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ tòun gan-an ló lé èèyi padà. Ìwé tí o fi ránṣẹ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò náà tún dá kún un, torí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nọ́ńbà ni o fún kálukú. Bàbá Alágbẹ̀dẹ ni nọ́ńbà kìíní, láti ìgbà náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó ṣáájú òun ní ilé-ìwòsàn, ó ní yunifásítì ti tò wá, kí kálukú mọ ààyè rẹ̀. Télọ̀ ni ọgọ́ta, inú bí i, ó ní òun tí òun rán aṣọ fún gbogbo ìlú, báwo ni òun ṣe máa ṣe ìgbẹ̀yìn. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tó bá kẹ́yìn ló ti ilẹ̀kùn, ó rò ó, ó gbà. Èmi ni ẹ̀tàdínlógún. Mo ti gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn ilé, iṣẹ́ náà dára, bí o bá fọwọ́ pa á, ó ń yọ̀ bíi gíláàsì.

Ti ìyá oníkòkò ló le jù. O rántí pé fọ́ọ̀mù tí a tẹ̀ka sí sọ pé ẹni tó bá yọ̀ǹda lè yí ọkàn padà nígbàkígbà, kò sì ní sí ìjìyà fún un. Ìyá yìí gbé fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ bá nọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, ó ní òun ti yí ọkàn padà, kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ òun padà síbi tí wọ́n ti fà á, apá òsì ni. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Mo wà níbẹ̀, mo ní ìwé ni ìwé, ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ ti di dandan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ di ariwo, nọ́ọ̀sì po ohun mímu oníṣúgà kan fún un, ó ní tó bá mu ún, yóò di ẹ̀jẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó mu ún, ó dúpẹ́, ó lọ. Láti ìgbà náà, ó ti yí ọkàn padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Mo tún fẹ́ sọ ti ọjọ́ tí o fi ojú rẹ hàn wá nínú fóònù télọ̀. Ìyá rẹ gbá gbogbo ilé, ó gbá ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú, mo wọ bàtà, ó wá jẹ́ pé ihò imú mi nìkan ni o rí, bí télọ̀ ṣe sọ. Ṣùgbọ́n àwa rí iyàrá iṣẹ́ rẹ dáadáa. Mo rí tábìlì funfun, mo rí àwọn ìgò tín-ín-rín tó tò bí ọmọ ilé-ìwé, mo rí fíríìjì ńlá tó ń kùn. O ní ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì wà. Ọmọ mi, ilẹ̀kùn iyàrá yẹn ò dá mi lójú. Mo fi ojú wọ̀n ọ́n láti inú fóònù, àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó ìka kan àbọ̀. O ní wọn kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn, àlàfo ìka kan àbọ̀ ti di ọ̀nà mọ́tò lójú wọn. Mo ní ojúlówó pákó kan tó ti ń gbẹ láti ọdún mẹ́ta, fi ìwọ̀n ilẹ̀kùn náà ránṣẹ́, mo máa kan èyí tí atẹ́gùn pàápàá ò ní gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kí o sì máa kà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kí o tó lọ sílé.

Lórí iṣẹ́ olùkọ́ rẹ, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Mo gbọ́ pé nínú ìdánwò tí o ṣe fún àwọn ọmọ yẹn lórí àjẹsára, àwọn mìíràn gba òdo. Òdo kì í ṣe nǹkan, ihò lásán ni. Ọmọ tó jí ní òwúrọ̀, tó wẹ̀, tó wọṣọ, tó wá jókòó sí iwájú rẹ fún wákàtí mẹ́ta, tó kọ orúkọ ara rẹ̀ láìṣì í kọ, fún un ní ọ̀kan, kí ó rí nǹkan mú délé.

Ó ti tó, jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tó jẹ́ pé iwájú àwọn ènìyàn ni o ti máa kà á, mo máa tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà ibi tí ìwọ náà mọ̀.

O wá bá ìlú sọ̀rọ̀ lọ́dún tó kọjá, o ní o fẹ́ mọ àwọn tí ara wọn ṣì ní agbára láti dènà èèyi àti àwọn tí kò ní in mọ́. O ní nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ti bá èèyi jà rí, tàbí tó gba abẹ́rẹ́, ọmọ ogun wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́nà, pé wọ́n mọ ojú ọ̀tá, bó bá tún yọjú, wọ́n á dìde sí i. O ní o máa ka àwọn ọmọ ogun náà. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n Bàbá Alágbẹ̀dẹ dìde, ó ní wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ ní ìlú ńlá, òun ti gbọ́ ọ. Ojú rẹ rẹ̀wẹ̀sì, mo rí i. Ni mo bá fọwọ́ sọ̀yà níwájú gbogbo wọn, mo ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà, ilé mi ni yóò sùn, kò ní kúrò lójú mi títí ọkọ̀ yunifásítì yóò fi gbé e. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ náà bá sọnù tàbí tó bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé abẹ́rẹ́ dé ọ̀dọ̀ òun mọ́ láéláé, òun á sì dúró lójú títì, òun á máa dá àwọn yòókù padà. Ìlú ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ìwọ padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ méjì àti nọ́ọ̀sì ló fa ẹ̀jẹ̀ náà ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, àgbà ọgbọ̀n, ọmọdé ọgbọ̀n. Wọ́n kó o sínú kúlà kan, wọ́n to yìnyín yí i ká, wọ́n ki nǹkan pélébé kan bọ̀ ọ́, iná pupa kékeré ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ léèrè ohun tí ìyẹn ń ṣe. Ó ní gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí kúlà náà ni yóò máa kọ sílẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó tún ní kí n má ṣí i, ọkọ̀ máa wá gbé e ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n gbé e fún mi, wọ́n wọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọkọ̀ agbégi kan gun orí afárá, pákó afárá mẹ́ta já, ọkọ̀ yunifásítì dúró sódìkejì, kò lè kọjá. Ọjọ́ yẹn ni iná mànàmáná lọ, oòrùn sì mú bí ẹni pé ó ń bá wa jà. O pè lórí fóònù télọ̀, o ń gbìyànjú kí n má gbọ́ pé o ń sunkún. O ní yìnyín yẹn ò lè ju ọjọ́ kan lọ, bí ẹ̀jẹ̀ náà bá gbóná, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ti dànù. Mo ní kí o fọkàn balẹ̀, ọkàn tèmi wà lẹ́nu mi. Àwọn ará ìlú wá bẹ̀ mí pé kí n wá kan afárá, ta ló tún mọ̀ ọ́n kàn tó mi. Mo kọ̀. Mo ti fọwọ́ sọ̀yà pé kúlà ò ní kúrò lójú mi. Wọ́n lọ mú káfíńtà ìlú kejì wá, ọjọ́ mẹ́ta ló fi kan pákó mẹ́ta, o lè lọ wò ó, ọ̀kan ṣì wọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ dé, ó gbé kúlà. Ẹ ṣí i ní yunifásítì, ẹ bá yìnyín níbẹ̀, ẹ wo ohun tí nǹkan pélébé yẹn kọ, ó ní kò gbóná rí. Oògùn tí nọ́ọ̀sì kó sínú kúlà tirẹ̀ nígbà tí fíríìjì rẹ̀ kú, lábẹ́ páànù ilé-ìwòsàn, ọjọ́ kejì ló ti gbóná, ó dà á nù. Ẹ ka àwọn ọmọ ogun. O kọ̀wé pé ti àwọn àgbà pé, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọdé tó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìdá kan nínú mẹ́ta ni kò ní ẹ̀ṣọ́ mọ́, ó ku díẹ̀ káàtó. Nítorí ìwé yẹn ni wọ́n ṣe kó abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì wá fún gbogbo ọmọ wa, òun ló sì jẹ́ kí èèyi gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ́dún yìí.

Wàyí o, kúbùsù. Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ní àpótí pákó ńlá tí mo kàn fún ìyá rẹ nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó, ó nípọn ní ìka méjì. Mo kó aṣọ inú rẹ̀ jáde, mo tẹ́ kúbùsù kan sísàlẹ̀, mo gbé kúlà lé e, mo fi ìkejì wé e yíká, mo fi ìkẹta bò ó lórí, mo ti àpótí. Mi ò ṣí kúlà. Ìyá rẹ ní kí ló dé tí mò ń wé nǹkan nínú oòrùn báyìí, mo ní kó má dá sí i.

Ìdí tí mo fi ṣe é ni èyí tí mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé kúbùsù máa ń pa òtútù mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kúbùsù máa ń lé òtútù lọ. Mo fọwọ́ kan ara kúlà náà, ó tutù nini, mo wá ronú sí ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára ènìyàn tó móoru, tí wọ́n tì mọ́ àárín yìnyín, àti àwọn ọmọ ogun tí o ní wọ́n wà níbẹ̀. Mo ní tí òtútù bá mú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀, ìbọn á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Mo gbọ́ pé o ní ẹ̀jẹ̀ náà ò gbọdọ̀ gbóná, ṣùgbọ́n lójú mi, kí nǹkan móoru kì í ṣe kó gbóná, mo kàn fẹ́ mú wọn móoru ni. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé ohun tí mo ṣe ni kò ní jẹ́ kí yìnyín yọ́, ǹ bá ti ká kúbùsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo rò pé o mọ̀. Mo rò pé nǹkan oníná pupa yẹn ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ pé bàbá rẹ fẹ́ lé òtútù yìnyín lọ. Nígbà tí o pè, tí o ń dúpẹ́, mo rò pé o ti dárí jì mí ni. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú bi mí léèrè bí mo ṣe ṣe é, ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Mo ní àwa káfíńtà mọ̀ pé pákó àti kúbùsù, ohun tí a bá fún wọn pa mọ́ ni wọ́n ń pa mọ́, ìbáà jẹ́ ooru, ìbáà jẹ́ òtútù. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó kàn yọ́ jáde. Ọ̀gá ilé-ìwé fò sókè, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wà nínú ìwé, ó mú mi lọ kọ́ kíláàsì kẹfà. Mo parọ́, irọ́ náà wá jẹ́ òtítọ́, mi ò rí ọ̀nà gbà jáde mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kúbùsù ni wọ́n ń pè mí láti ọdún tó kọjá. Mo ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣáájú rẹ.

Ìyẹn ò dùn mí lọ́kàn títí lẹ́tà rẹ fi dé. Ìwọ tí o ti lo ọdún mẹ́rin, tí o ń ka ohun tí ojú ò rí, tí o kì í kọ nǹkan tí kò dá ọ lójú sílẹ̀, o wá fẹ́ dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, kí o fi irọ́ bàbá rẹ sáàárín iṣẹ́ rẹ. Mi ò lè jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, ó yẹ kí n sọ ọ́ fún ìlú pẹ̀lú, ẹ̀jẹ̀ wọn ni. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé Bàbá Alágbẹ̀dẹ máa ní mo fi ẹ̀jẹ̀ òun ṣeré, kò ní sí ẹni tó máa na apá sí ọ mọ́, o sì sọ nínú lẹ́tà rẹ pé o tún fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí o lè mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ogun ti abẹ́rẹ́ kejì ń pẹ́.

Àná ni ọjọ́ tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá wọ̀n. Gbogbo ènìyàn wà lórí bẹ́ǹṣì tí mo kàn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn, Bàbá Alágbẹ̀dẹ wà ní iwájú, ní ààyè nọ́ńbà kìíní. Mo dúró, mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí. Ọ̀gá ilé-ìwé ń wo ilẹ̀. Mo ń wo ẹnu Bàbá Alágbẹ̀dẹ.

Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, òun kò gbẹ́kẹ̀ lé mi, òun ń yọ́ wá sí ẹ̀yìn fèrèsé mi láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí òun lè ká mi mọ́ ibi tí mo bá ti ń ta ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ní òun rí mi tí mo ṣí àpótí, tí mo ń tẹ etí kúbùsù mọ́ ọn bí ẹni ń bo ọmọ tó ń sùn, tí mo sì ń sọ fún kúlà pé kó fara dà á, ọkọ̀ ò ní pẹ́ dé. Ó ní òun rìn padà sílé. Ó ní òun kò bìkítà bóyá ọgbọ́n ni tàbí òmùgọ̀, ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ òun kò lè tà á. Lẹ́yìn náà, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè níbẹ̀, ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé àwọn ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n ní mi ò ní bọ́ nínú orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kúbùsù, ó ti lẹ̀ mọ́ mi. Nọ́ọ̀sì mú ìwé, wọ́n ń pè, ó ń kọ. Lọ́dún tó kọjá, ọgọ́ta la fi ẹ̀bẹ̀ rí. Àná, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti di ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́ta, àwọn tó sá fún ọ nígbà yẹn wà níbẹ̀, àwọn méjì wá láti ìlú òdìkejì odò, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ní ìlú tàwọn náà fẹ́ kí o wá ka àwọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. A fẹ́ wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, kì í ṣe èmi àti ìyá rẹ nìkan, gbogbo ẹni tí ọkọ̀ akérò kan bá lè gbé ni, wọ́n ti ń jà sí ààyè. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, kí o sì fi díẹ̀ lé e kí n ra bàtà tí kò ní fi mí ṣẹ̀sín níbẹ̀. Má fi sí báńkì. Mo lọ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo ní mo fẹ́ kí owó mi, ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà níbẹ̀ yí gíláàsì kọ̀ǹpútà kan sí mi, ó ní owó mi nìyẹn, nọ́ńbà lásán ni mo rí. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ni èmi náà lọ́dọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n ìwọ mọ ojú mi. Fi rán awakọ̀ yunifásítì.

Ọlọ́run tó fi ọ́ fún wa kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Ohun tí o ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, wàá rí i. Iṣẹ́ rẹ ò ní gbóná dànù, orúkọ rẹ ò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan ọwọ́ tèmi. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́ rí á máa dàgbà nítorí rẹ. Àwọn ọmọ tìrẹ á máa ṣe ọ́ lóore bí o ṣe ń ṣe wá.

Tó bá di ọjọ́ náà, ka lẹ́tà yìí bó ṣe wà, má tún un ṣe. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe, kà á sókè dáadáa, iwájú ni mo máa jókòó sí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.